Bí Ẹ Ṣe Máa Gun Ìgbì Àkọ́kọ́ Yín ní Tarkwa Bay

Gbogbo Sọ́ńdè tí mo bá wà ní Tarkwa Bay, bíìṣì kan ní Èkó, nǹkan kan náà ni mo máa ń rí. Ẹnì kan á sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní nǹkan bí aago 1 ọ̀sán, oòrùn ti ń ta ganrínganrín, á háyà bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń gun ìgbì lọ́wọ́ àwọn ọmọ bíìṣì, á wọ omi tààrà, á fẹ́ dìde dúró, á ṣubú, á tún gbìyànjú, á tún ṣubú, á mu omi iyọ̀ dáadáa, nígbà tó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹfà apá ti ro ó, ó ti dá bọ́ọ̀dù padà, ó ní sọ́ọ̀fù, ìyẹn ìgbì gígùn, kì í ṣe tiwa. Ó máa ń dùn mí gan-an ni, torí kì í ṣe agbára ni ò ní. Ètò ló dàrú. Ó fẹ́ dúró lórí bọ́ọ̀dù kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń sùn lé e, kò sì jókòó wo omi rárá kó tó kó wọ inú ẹ̀.

Ohun tí mo kọ síbí, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ lé e bó ṣe wà, á tó ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta tẹ́ ẹ máa lọ kẹ́ ẹ tó dúró dáadáa. Ẹ má wá ọ̀nà tó yá jùyẹn lọ.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

Àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ mọ omi lúwẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ ò bá lè lúwẹ̀ẹ́ mítà 50 láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀, kẹ́ ẹ sì lè léfòó fún ìṣẹ́jú 5, ẹ má tíì fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù o, ẹ lọ wá púùlù kan ní àdúgbò yín kẹ́ ẹ kọ́ ọ níbẹ̀ ná. Okùn tí wọ́n fi ń so bọ́ọ̀dù mọ́ ẹsẹ̀ lè já nígbàkígbà, tó bá já, bọ́ọ̀dù á lọ, ẹ̀yin nìkan lẹ máa ṣẹ́kù sínú omi.

Bọ́ọ̀dù: fóòmù ni kẹ́ ẹ gbà, èyí tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 8 tàbí 9, tó sì fẹ̀. Àwọn ọmọ ibẹ̀ tẹ́ ẹ máa rí lórí èyí tó kúrú, tó le, tí ẹnu ẹ̀ mú ṣóńṣó, wọ́n ti ń gun ìgbì láti kékeré, ẹ má wò wọ́n ṣe. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ di okùn ẹsẹ̀ yẹn mú kẹ́ ẹ fà á dáadáa, ẹ wò ó bóyá ó ti fẹ́ já níbì kan, ẹ wo lẹbẹ tó wà lábẹ́ ìdí bọ́ọ̀dù náà bóyá ó ń mì.

Aṣọ tó lẹ̀ mọ́ra, tó bo àyà àti èjìká, torí bọ́ọ̀dù máa ń bó èèyàn láyà. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ di irun yín pọ̀ sẹ́yìn kó le, wíìgì ò ṣe é gbé wọ òkun. Tẹ́ ẹ bá ń lo híjáàbù, èyí tí wọ́n rán fún omi ni kẹ́ ẹ wọ̀, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ máa so tó bá tutù kó wá máa fún yín lọ́rùn. Ẹ gbé omi mímu tó pọ̀, oúnjẹ fúyẹ́, tówẹ̀lì, ìpara tó ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn (oòrùn orí omi ń jó aláwọ̀ dúdú náà o, imú yín á sọ fún yín), nọ́lọ̀n tí omi ò lè wọ̀ fún fóònù, àti kásì, torí ọjọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì bá ṣe tiẹ̀, tíránsífà ò ní wọlé.

Kẹ́ ẹ sì mú ẹnì kan dání. Ẹ má dá lọ.

1. Nílé, lórí ẹní

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú lẹ máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹsẹ̀ tí yóò máa ṣíwájú: ẹ dúró ṣánṣán, kí ẹnì kan tì yín lẹ́yìn díẹ̀ láìsọ fún yín. Èyí tó bá yára nà síwájú kẹ́ ẹ má baà ṣubú, òun ni ẹsẹ̀ iwájú, èkejì ni ti ẹ̀yìn, ara ti ẹ̀yìn yẹn sì ni okùn máa wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn, tòsì ló máa ń ṣíwájú, tó bá jẹ́ tọ̀tún ni tiyín kò séwu.

Ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sí àárín ẹ̀ látòkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ dojú bolẹ̀, ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ àyà. Ẹ fi ọwọ́ ti ara sókè, ẹ fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wá, kẹ́ ẹ ju ẹsẹ̀ iwájú sí àárín ọwọ́ méjèèjì lẹ́sẹ̀ kan náà, kẹ́ ẹ dìde pẹ̀lú orúnkún tó tẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì kọ sí ẹ̀gbẹ́, ojú ń wo iwájú. 20 lójoojúmọ́.

Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí wọ́n tó dìde. Nínú yàrá kò ní ṣe yín ní nǹkan kan, àmọ́ tó bá di orí omi, ìgbà tẹ́ ẹ bá fi máa kúrò lórí orúnkún, ìgbì ti parí. Tó bá ti mọ́ yín lára nílé báyìí, á ṣòroó fi sílẹ̀, torí náà ẹ má bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ rárá.

Ẹ wò ó bó ṣe wọra sí: ẹ dijú, ẹ ṣe 10 ní dídijú. Lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan ẹ lajú kẹ́ ẹ wo ilẹ̀. Tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá wà lórí ìlà ṣọ́ọ̀kì yẹn nígbà 8 nínú 10, ẹ lè máa múra àtilọ.

2. Ọjọ́ àti wákàtí

Ìgbì tó ń dé Tarkwa Bay kì í ṣe atẹ́gùn Èkó ló dá a sílẹ̀. Ìjì tó ń jà lọ́hùn-ún ní gúúsù Òkun Àtìláńtíìkì ló ń tì í wá, á rin ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìgbà òtútù tiwọn lọ́hùn-ún ni ìjì yẹn máa ń le jù, ó sì bọ́ sí àkókò òjò tiwa, ìdí nìyẹn tí ìgbì fi máa ń tóbi láti nǹkan bí oṣù May títí dé September, tí June sí August wá le jù. Ìgbà tí àwọn tó ti mọ̀ ọ́n ń retí nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, November sí March ló dáa fún yín, ìgbì á kéré, á rọra, ẹ máa ráyè kọ́ṣẹ́.

Tó bá ti di ọ̀sán, atẹ́gùn á máa fẹ́ látorí òkun wá sórí ilẹ̀, ojú omi á rúnjú, ẹ ò ní mọ ìgbì wo lẹ máa gbà. Àárọ̀ kùtùkùtù ló dáa. Ẹ ti wà ní jẹ́tì, níbi tẹ́ ẹ ti máa wọ ọkọ̀ ojú omi, ní aago 7 ààbọ̀ àárọ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ dára ju wíkẹ́ńdì lọ, tó bá sì jẹ́ ọjọ́ Iléyá, Kérésì, ọjọ́ ọdún tuntun tàbí Easter Monday, ẹ fi bọ́ọ̀dù sílẹ̀, ẹ lọ gbafẹ́ lásán, torí èrò á ti kún inú omi, bọ́ọ̀dù yín lè gbá ọmọ ọlọ́mọ lórí.

Omi kíkún àti omi fífà náà wà níbẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan àti díẹ̀, omi máa kún lẹ́ẹ̀mejì, á fà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì máa ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i lójoojúmọ́. Àṣìṣe tí mo ń rí ni ẹni tó lọ ní Sátidé tó kọjá, tó bá omi tó dáa ní aago 9, tó tún wá padà wá ní aago 9 ní Sátidé yìí tó ń ṣe kàyéfì pé omi ti yàtọ̀. Ẹ wo àkókò omi lórí fóònù, ẹ yan wákàtí tí omi ń kún bọ̀ tó ti dé ìdajì. Tó bá ti kún dẹ́nu, ìgbì á máa wó lulẹ̀ gbàmù lẹ́bàá yanrìn, ìyẹn ò dáa fún ọrùn.

Kẹ́ ẹ tó jáde nílé, ẹ bi ara yín ní mẹ́ta: aago mélòó lomi máa kún lónìí? Aago mélòó ló máa fà? Ṣé àrá máa sán? Tẹ́ ẹ ò bá lè dáhùn, ẹ ò tíì múra nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé àrá máa sán, ẹ padà sùn.

3. Jẹ́tì àti ọkọ̀

Omi la fi ń dé Tarkwa Bay. Látojú Marina ní Erékùṣù Èkó, jẹ́tì CMS lẹ máa lọ. Àwọn tó bá ń bọ̀ láti apá Victoria Island sábà máa ń lo Tarzan Jetty ní ọ̀nà Maroko. Ìrìn náà ò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 20.

Kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀, ẹ bèèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ṣé àlọ nìkan lowó yìí àbí àlọ àtàbọ̀? Tí mo bá gbé bọ́ọ̀dù dání ńkọ́? Aago mélòó lẹ máa padà wá gbé wa?" Ẹ gba nọ́ńbà ẹni tó ń wa ọkọ̀. Kò yẹ kí ọkọ̀ kankan gbé èrò lálẹ́ lórí omi Èkó, nítorí náà tí wọ́n bá sọ fún yín pé aago 7 lè ṣeé ṣe, ẹ má gbà.

Láífù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ wọ̀ ọ́, ẹ má fi jókòó. Tí bọ́kù tí wọ́n fi ń dè é bá ti kán, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní òmíràn, tí kò bá sí, ẹ bọ́ sílẹ̀. Tí èrò bá ti pọ̀ ju ìjókòó lọ, ẹ bọ́ sílẹ̀ bákan náà, kódà tí gbogbo ọkọ̀ bá ń pariwo lé yín lórí pé ẹ ń fi àkókò ṣòfò. Ti inú ọkọ̀ ni o, ẹ ò ní wọ̀ ọ́ gun ìgbì, torí ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ lè fàyà lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dán an wò nìyí: ẹ dè é tán, kí ẹnì kejì yín di èjìká ẹ̀ méjèèjì mú kó fà á sókè. Tó bá gòkè dé etí yín, kò fún tó.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ kí àwọn tẹ́ ẹ bá bá. Àwọn èèyàn ń gbé ibẹ̀ o, wọ́n ń ṣòwò, wọ́n ń bímọ, kì í ṣe ibi ìgbafẹ́ lásán. Ẹni tẹ́ ẹ bá kí dáadáa láàárọ̀ ló máa pè yín padà tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ ibi tí kò dáa.

4. Ẹ wo omi fún ìṣẹ́jú 30

Ìpele yìí lẹ máa fẹ́ fò. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fò ó.

Inú Tarkwa Bay fúnra ẹ̀ ṣe kọ́lọ́fín, ògiri òkúta tí wọ́n kó sẹ́nu ọ̀nà ebúté ló ń gba ìgbì ńlá lójú, tó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ yín agbára ẹ̀ ti dínkù. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá rìn la yanrìn já sí òdìkejì, Lighthouse Beach nìyẹn, Àtìláńtíìkì gan-an lẹ kọjú sí yẹn, kò sóhun tó bò ó. Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo lọ, mo rí i pé ìgbì inú ibí kéré, mo wá gbé bọ́ọ̀dù lọ sí Lighthouse. Kò pẹ́ rárá tí mo wọ̀ ọ́ tí mo bojú wẹ̀yìn tí mo rí i pé àwọn tó wà létí omi ti kéré bí ọmọ ìka. Mo dojú kọ ilẹ̀, mo ń fi ọwọ́ wa bọ́ọ̀dù, mo ń wà á, mò ń ké pe Ọlọ́run, kàkà kí n máa sún mọ́ ilẹ̀ ńṣe ni mò ń jìnnà. Ọmọkùnrin kan tó ti wà lórí omi ló pariwo pé kí n dẹ́kun, kí n yà sí ẹ̀gbẹ́. Mo yà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ìṣàn omi tó ń gbé mi lọ já mi sílẹ̀, ìgbì gbé mi wá sílẹ̀. Mo sunkún lórí yanrìn lọ́jọ́ náà.

Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru, àwọn àgbà ti sọ ọ́. Ẹ jókòó. Ẹ wo nǹkan mẹ́rin.

Ìgbì kì í dá wá, ó máa ń kọ́wọ̀ọ́ rìn. Ẹ ka iye tó ń tẹ̀ léra kí omi tó sinmi, ẹ wo bó ṣe ń pẹ́ tó kí òmíràn tó dé.

Ẹ wo ibi tó ti ń fọ́ di ìfófó funfun, ìfófó yẹn lẹ máa lò lónìí.

Ẹ wo ibi tí kò fọ́. Èyí ló ń pa èèyàn. Láàárín ibi méjì tí ìgbì ti ń fọ́, ẹ lè rí ojú omi tó dákẹ́, tó ṣú díẹ̀, tàbí tó gbé yanrìn àti ìfófó dání tó ń kó wọn lọ sójú agbami. Aláìmọ̀kan á rò pé ibẹ̀ ló rọra, ibẹ̀ ló máa gbà wọlé. Ọ̀nà tí omi ń gbà padà sókun ni.

Ẹ wá wo ibi òkúta, àti ojú ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ ńláńlá ń gbà wọ Apapa. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lè máa gun ìgbì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta yẹn, ó rẹwà lójú, kì í ṣe tiyín lọ́dún yìí.

Tí ìṣàn bá wá gbé yín pẹ̀lú gbogbo ẹ̀: ẹ má fi bọ́ọ̀dù sílẹ̀, òun ló ń gbé yín léfòó. Ẹ má dojú kọ ilẹ̀. Ẹ máa lọ sí ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ máa bá etí òkun rìn lọ gbọọrọ, títí ẹ máa fi dé ibi tí ìgbì ti ń fọ́, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kí ìfófó tì yín wálé. Tó bá ti rẹ̀ yín, ẹ na ọwọ́ kan sókè kẹ́ ẹ pariwo.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, ẹ na ọwọ́ sí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbà wọlé, kẹ́ ẹ wá bi ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ibẹ̀ pé, "Jọ̀ọ́, ibo lẹ ti ń wọlé lónìí?" Tí ibi tó nawọ́ sí bá bá tiyín mu, ẹ lè wọ̀ ọ́. Tí kò bá bá a mu, ẹ ní kó ṣàlàyé, kẹ́ ẹ tún jókòó.

5. Ẹ kọ́kọ́ sùn

Ẹ má lọ ju ibi tí omi bá yín dé ìbàdí. Okùn á ti wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn. Bọ́ọ̀dù á wà ní ẹ̀gbẹ́ yín, ẹ má jẹ́ kó wà láàárín ẹ̀yin àti ìgbì láé, torí ìgbì á gbé e kọ lù yín ní àyà tàbí ní eyín.

Ẹ yí bọ́ọ̀dù dojú kọ ilẹ̀, ẹ fàyà lé e, ẹsẹ̀ yín kan ìdí ẹ̀. Ẹ wo imú bọ́ọ̀dù: kó ga ju omi lọ díẹ̀, bí ìka méjì sí mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá sún síwájú jù, imú á rì, á dà yín dorí kodò. Tẹ́ ẹ bá sẹ́yìn jù, imú á nà sókè, bọ́ọ̀dù ò ní lọ, ìgbì á kọjá lábẹ́ yín.

Ìfófó tó ti fọ́ tán ni kẹ́ ẹ dúró dè. Tó bá ku nǹkan bí mítà 4 kó dé, ẹ fi ọwọ́ wa bọ́ọ̀dù bí ẹni wa ọkọ̀, kí ọwọ́ wọlé dáadáa, ẹ̀ẹ̀marùn-ún sí ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ẹ máa mọ̀ ọ́n lára tó bá tì yín. Ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ti ń ṣíwọ́, ẹ má ṣíwọ́, ẹ fi ẹ̀ẹ̀mejì kún un. Ẹ wá gbé àyà sókè kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbé yín lọ. Ẹ ò dìde o, orí àyà lẹ wà.

Ẹ bọ́ sílẹ̀ kí lẹbẹ tó kan yanrìn. Tẹ́ ẹ bá máa ṣubú, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ tàbí ìdí ṣubú, pẹrẹsẹ, ẹ má forí lọ, omi ò jìn. Tẹ́ ẹ bá ń yọ síta, kí apá méjèèjì bo orí, torí okùn máa fa bọ́ọ̀dù padà wá sọ́dọ̀ yín.

10 lẹ máa ṣe. Tí 7 nínú ẹ̀ bá gbé yín dé ìtòsí yanrìn tí imú bọ́ọ̀dù ò sì rì, ìpele yìí ti wọlé. Tí kò bá tó 7, ẹ tún 10 mìíràn ṣe, kódà tó bá jẹ́ pé ìyẹn nìkan lẹ máa ṣe lónìí. Inú mi máa ń dùn sí ẹni tó bá fi ọjọ́ kan gbáko ṣe ìyẹn, torí tó bá dìde lọ́jọ́ kejì, ó máa ń dúró.

6. Ẹ wá dìde

Ohun kan náà ni, ìfófó kan náà, ẹ̀ẹ̀mejì tẹ́ ẹ fi kún un lẹ́yìn tó tì yín, kẹ́ ẹ wá ṣe ohun tẹ́ ẹ ti ń ṣe lórí ẹní. Àtẹ́lẹwọ́ pẹlẹbẹ ní ẹ̀gbẹ́ àyà, ẹ má di etí bọ́ọ̀dù mú, ẹ̀gbẹ́ kan á rì. Ojú yín lórí igi tàbí ilé kan létí bíìṣì. Ẹ má wo ẹsẹ̀, ibi tójú bá wò lara máa ṣubú sí. Ẹ má dúró ṣánṣán bíi ṣójà, orúnkún gbọ́dọ̀ tẹ̀, ìdí rẹlẹ̀.

Kí ẹnì kejì yín fi fóònù ya fídíò láti orí ilẹ̀, òun ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ òótọ́. Tẹ́ ẹ bá ń ṣubú síwájú, ẹ ti sún síwájú jù tàbí ẹ tètè dìde kí ìgbì tó mú yín. Tẹ́ ẹ bá ń ṣubú sẹ́yìn, ẹ pẹ́ jù, tàbí ẹsẹ̀ iwájú ò dé àárín ọwọ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́, ẹsẹ̀ ò sí lórí ìlà àárín, ẹ rántí ṣọ́ọ̀kì.

Kẹ́ ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún lórí ẹsẹ̀ yín kẹ́ ẹ tó bọ́ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lè kà á dé àrún ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ kan, ẹ ti gun ìgbì. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ igbe yín dé Marina.

7. Ẹ jáde kó tó rẹ̀ yín

Wákàtí 2 nínú omi ti tó. Tí apá bá ti wúwo, tẹ́ ẹ wá ń sọ pé "ẹ̀ẹ̀kan sí i péré," ẹ jáde nígbà yẹn gan-an, torí orí ẹ̀ẹ̀kan sí i yẹn ni ìjàǹbá ti máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ mu omi, ẹ jẹun, ẹja yíyan tàbí ohun tó bá wù yín, ẹ dá bọ́ọ̀dù padà kẹ́ ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Aago 4 kọjá díẹ̀, ẹ pe ọlọ́kọ̀. Ẹ ka ara yín kẹ́ ẹ tó wọlé, kí iye tó wá àti iye tó ń lọ bára mu, láífù jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, ẹ tún fà á ní èjìká wò bẹ́ ẹ ṣe ṣe láàárọ̀. Tẹ́ ẹ bá dé CMS, ẹ pe ilé pé ẹ ti gúnlẹ̀.